Ọdún 1798 Nínú Ìtàn Ewì Gẹ̀ẹ́sì: Èwo Ló Ṣẹlẹ̀, Èwo Ni Wọ́n Fi Kún Un?

Ní ọjọ́ 16 oṣù Sẹ́tẹ́ńbà, ọdún 1798, ọkọ̀ ojú omi kan gbéra ní èbúté Yarmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dorí kọ Hamburg ní Jámánì. Akéwì méjì wà nínú rẹ̀: William Wordsworth, ẹni ọdún 28, àti Samuel Taylor Coleridge, tí kò tíì pé ọdún 26. Dorothy, àbúrò Wordsworth lóbìnrin, wà pẹ̀lú wọn, àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ John Chester, tí ọ̀rọ̀ ẹnu Coleridge dùn mọ́ débi pé ibi tí ó bá ń lọ ni òun náà ń lọ. Ìwé kékeré kan tí àwọn akéwì méjèèjì jọ kọ ti kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Bristol, ṣùgbọ́n kò tíì dé ọjà. Nígbà tó fi máa dé orí àtẹ ní Lọ́ńdọ̀n, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ọ̀kìtóbà, àwọn tó ni ín ti wà ní ìlú onílùú. Orúkọ wọn kò sí lára ìwé náà. Ẹ̀dà 500 ni wọ́n tẹ̀.

Ìwé yẹn ni wọ́n ń pè ní Lyrical Ballads. Bí ẹ bá ti kọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, ní sẹ́kọ́ńdírì tàbí ní yunifásítì, ẹ ó ti gbọ́ pé ọdún rẹ̀ ni ewì Gẹ̀ẹ́sì yí padà, pé ibẹ̀ ni sáà àwọn akéwì Romantic ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń pe Wordsworth, Coleridge àti àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì ìgbà wọn. Olùkọ́ á kọ 1798 sójú pátákó, á fàlà sí i nídìí, akẹ́kọ̀ọ́ á dà á kọ, ó parí. Èmi náà dà á kọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ àkọ́sọ olókìkí tí Wordsworth kọ nípa ohun tí ewì jẹ́ wà nínú ìwé 1798, pé ewì òdòdó daffodil wà níbẹ̀, pé Kubla Khan, ewì Coleridge, náà wà níbẹ̀. Ìgbà tí mo wá rí ohun tó wà nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni mo mọ̀ pé kò sí ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ yìí rú yóò tètè yé wa bí a bá wo ewì bí a ṣe ń wo ọmọ. Ọmọ ní ọjọ́ tí wọ́n lóyún rẹ̀, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, ó sì ní ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ tí akéwì kọ ewì sínú ìwé tirẹ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún aráyé kà, méjèèjì sì yàtọ̀ sí ọjọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fún un ní orúkọ tí a fi ń pè é lónìí. Ti ọmọ ènìyàn kì í ju oṣù mẹ́sàn-án àti ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ti ewì lè gba àádọ́ta ọdún. Ìwé ẹ̀kọ́ tó bá kọ ọdún kan ṣoṣo sí ẹ̀gbẹ́ ewì kì í sọ èwo ló ní lọ́kàn nínú mẹ́ta yìí, ibẹ̀ ni ojú ọ̀nà ti ń pòórá mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wọ́n ti lóyún rẹ̀. Ní oṣù Júláì 1797, Wordsworth àti Dorothy kó lọ sí Alfoxden, ilé ńlá kan ní àgbègbè Somerset. Pọ́n-ùn 23 ni owó ilé náà lọ́dún kan. Torí Coleridge ni wọ́n ṣe lọ síbẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn ń gbé ní Nether Stowey, abúlé tí ẹsẹ̀ lè rìn dé láti Alfoxden láàárín wákàtí kan àti díẹ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rìn, lósàn-án, lóru, nínú òjò, lábẹ́ òṣùpá. Láti ọjọ́ 20 oṣù Jánúárì 1798 ni Dorothy ti ń kọ ohun tí wọ́n ń rí sínú ìwé ìrántí rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí a sáré kọjá ọ̀rọ̀ Dorothy, torí ọ̀pọ̀ àlàyé ló ń sáré kọjá rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Máàṣì ọdún náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí ewé kan ṣoṣo tó kù lórí igi, tó ń jó yípo yípo bí àkísà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ẹ wá ka Christabel, ewì tí Coleridge ń kọ ní àsìkò kan náà: ewé pupa kan wà níbẹ̀, òun ló gbẹ̀yìn nínú ìdílé rẹ̀, ó ń jó ní gbogbo ìgbà tí agbára ijó bá wà fún un. Ewé kan náà ni. Ojú Dorothy ló kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ ẹni méjì ni ìtàn ń pè bí wọ́n bá dárúkọ ọdún 1798, àmọ́ ẹni mẹ́ta ló ń rìn lójú ọ̀nà yẹn.

Àwọn aráàlú kò mọ ohun tí ìrìn yìí wà fún. Ogun wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Fáránsé nígbà náà, ìbẹ̀rù pé àwọn ọmọ ogun Fáránsé lè gúnlẹ̀ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn kò sì tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. Àwọn àjòjì tó ń rìn lóru, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé, tó ń béèrè ibi tí odò gbà dé òkun, irú ènìyàn wo nìyẹn? Ẹjọ́ wọn dé etí ìjọba ní Lọ́ńdọ̀n, wọ́n sì rán amí kan, James Walsh, wá ní oṣù Ógọ́ọ̀sì 1797 láti wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Kò rí amí Fáránsé kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣeé ṣe fún Wordsworth láti tún ilé náà gbà fún ọdún mìíràn. Ní òpin oṣù Júùnù 1798, wọ́n kó jáde ní Alfoxden.

Ìṣòro owó náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà òtútù tó ṣáájú ló ti wà. Ní oṣù Nofẹ́ńbà 1797, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí èbúté kékeré kan tó ń jẹ́ Watchet, kò sì sí owó tí wọn yóò ná lójú ọ̀nà. Ni Wordsworth àti Coleridge bá pinnu pé àwọn yóò jọ kọ ewì onítàn kan, kí àwọn tà á fún ìwé ìròyìn kan ní pọ́n-ùn márùn-ún. Wordsworth ti ka ìwé ìrìnàjò George Shelvocke, níbi tí ọkùnrin kan ti yìnbọn pa ẹyẹ òkun dúdú ńlá kan ní ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ní: jẹ́ kí atukọ̀ inú ìtàn wa pa ẹyẹ albatross, kí àwọn ẹ̀mí ibẹ̀ sì gbẹ̀san. Lẹ́yìn ìyẹn Wordsworth rí i pé ọ̀nà àwọn méjèèjì kò dọ́gba lórí iṣẹ́ yẹn, ó fi í sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ewì náà dàgbà kọjá pọ́n-ùn márùn-ún. Òun ni a mọ̀ lónìí sí The Rime of the Ancient Mariner, òun sì ni ewì àkọ́kọ́ nínú ìwé 1798.

Nígbà tí ó di ìgbà ìrúwé 1798, wọ́n fẹ́ lọ sí Jámánì lọ kọ́ èdè àti ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Joseph Cottle, oníwèé kan ní Bristol tó gba tiwọn, ra apá ti Wordsworth nínú ìwé náà ní gíní 30. Gíní kan jẹ́ pọ́n-ùn kan àti ṣílè kan. Ọ̀rọ̀ owó ni, gbangba. Wordsworth fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ní ọdún tó tẹ̀ lé e pé torí owó nìkan ni òun fi tẹ àwọn ewì wọ̀nyẹn jáde. Mo mọ̀ pé ó lè dun ẹni tó ti ń gbọ́ pé àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sì gbìmọ̀ láti yí ewì ayé padà. Èmi kò rò pé ó bu ìwé náà kù. Ẹni tó nílò owó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn.

Kí ló dé tí wọn kò fi orúkọ sí i? Coleridge ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún Cottle pé orúkọ Wordsworth kò já mọ́ nǹkan kan, pé tòun sì ń rùn ní imú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òótọ́ ni pé kò tíì pẹ́ tó ń dúró níwájú èrò ní Bristol, tó ń sọ̀rọ̀ tako ìjọba àti ogun. Òǹkàwé tó bá ra ìwé náà lọ́dún yẹn kò mọ̀ pé ẹni méjì ló kọ ọ́. Ewì 23 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin péré jẹ́ ti Coleridge, 19 yòókù jẹ́ ti Wordsworth, ṣùgbọ́n ewì atukọ̀ nìkan gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ojú ewé.

Orúkọ ìwé náà fúnra rẹ̀ máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Ballad ni ewì onítàn tí wọ́n ń fi orin gbé, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ sórí ewé tákàdá kan, tí àwọn olórin ìgboro ń kọ tí wọ́n sì ń tà fún mẹ̀kúnnù ní owó kékeré. Ìtàn ìpànìyàn, ìtàn òkú tó jí, ìtàn ọmọge tí wọ́n já jù sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni ó gbájú mọ́. Lyric ní tirẹ̀ jẹ́ ewì ohun tó ń ṣe ọkàn ẹnì kan; kò nílò ìtàn. Láti pe nǹkan ní Lyrical Ballads, bí ìgbà tí ènìyàn bá sọ pé òun fẹ́ pa àlọ́ tó jẹ́ pé ohun tí ẹni inú rẹ̀ ń rò ṣe pàtàkì ju ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ. Àkọlé náà ní ìrù pẹ̀lú, tí a kì í sábà pè mọ́: with a Few Other Poems. Nínú "ewì díẹ̀ mìíràn" yìí ni Tintern Abbey, ewì Wordsworth kan, wà, èyí tí kì í ṣe ballad rárá.

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú kúkurú kan wà nínú ẹ̀dà 1798. Advertisement ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìpolówó ọjà. Ìfitónilétí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Ohun tó sọ ni pé kí òǹkàwé ka èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ewì náà sí ìdánwò. Wọ́n kọ wọ́n láti mọ bí èdè tí àwọn ẹni àárín àti àwọn tálákà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ṣe lè wúlò tó fún adùn ewì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí èyí fi jẹ́ ìdánwò, ẹ rántí pé èdè àkànṣe ni ọ̀pọ̀ akéwì ìgbà náà ń lò. Ẹja kì í jẹ́ ẹja lẹ́nu wọn. Wọ́n á pè é ní ẹ̀yà onílẹbẹ. Ẹyẹ á di ẹgbẹ́ akọrin oníyẹ̀ẹ́. Ìwà rere, Àìnírètí, Ọ̀rẹ́, gbogbo wọn á di ènìyàn, wọ́n á máa rìn nínú ewì bí ọba àti ìjòyè.

Ẹ wá wo We Are Seven. Ọkùnrin kan pàdé ọmọbìnrin kékeré kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó bi í pé mélòó ni ẹ̀yin ọmọ ìyá. Ọmọ náà ní méje. Méjì ń gbé ní Conway, méjì ti wọ ọkọ̀ ojú omi, méjì sùn sí itẹ́ òkú ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti ìyá òun sì ń gbé nítòsí ibẹ̀. Ọkùnrin náà ní, ó dára, bí méjì bá ti kú, márùn-ún lẹ kù. Ọmọ náà kò gbà. Ó ní sàréè wọn wà níbẹ̀, koríko rẹ̀ tutù, kò ju ìṣísẹ̀ méjìlá àti díẹ̀ lọ láti ẹnu ọ̀nà ìyá òun. Ibẹ̀ ni òun ti ń hun ìbọ̀sẹ̀ òun, ibẹ̀ ni òun ti ń kọrin fún wọn, nígbà mìíràn bí oòrùn bá ti wọ̀, òun á gbé abọ́ kékeré òun lọ síbẹ̀, òun á sì jẹ oúnjẹ alẹ́ òun lọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin náà tún ní: ṣùgbọ́n wọ́n ti kú! Ọmọ náà ní méje ni wá.

Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní pírámárì lè ka èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ìlà kan ní ìlù mẹ́rin, èyí tó tẹ̀ lé e ní mẹ́ta, bó ṣe rí nínú orin ìgboro gan-an. Kò sì sí ìtàn kankan níbẹ̀, àbí kí ló ṣẹlẹ̀? Ènìyàn méjì jiyàn lórí ìṣirò. Èyí ni lyrical ballad tí wọ́n ń wí. Bí mo bá ń kà á, mo máa ń rò pé ẹni tí wọ́n tọ́ dàgbà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ yóò tètè gbọ́ ọmọ yìí yé ju ọkùnrin tó ń bi í léèrè lọ. Ní ti ọjọ́ orí ewì, ọdún 1793 ni Wordsworth pàdé ọmọbìnrin náà ní Goodrich Castle, ọdún 1798 ló kọ ọ́. Ìlà ìparí ni ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, Coleridge ló sì fún un ní ẹsẹ àkọ́kọ́.

Ewì atukọ̀ ní tirẹ̀ kò rọrùn bẹ́ẹ̀ ní 1798, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Èyí tí a kà nílé ìwé kọ́ ni èyí tí wọ́n kà lọ́dún yẹn. Coleridge fẹ́ kó dà bí ewì àtijọ́, nítorí náà ó kọ àkọlé rẹ̀ báyìí: The Rime of the Ancyent Marinere. Ìlà tí gbogbo ayé mọ̀, níbi tí omi yí ọkọ̀ ká tí kò sì sí èyí tó ṣeé mu, a ń kà á lónìí pé "Nor any drop to drink." Ní 1798, "Ne any drop to drink" ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ "ne" yẹn ti gbó kúrò lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́. Ní 1800 wọ́n tún sípẹ́lì rẹ̀ ṣe, wọ́n yọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e kúrò níwájú ìwé lọ sẹ́yìn, torí Wordsworth gbà pé ewì náà ti pa ìwé náà lára. Àlàyé kéékèèké tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú ewé nínú ẹ̀dà tí a ń lò, ọdún 1817 ni Coleridge fi wọ́n kún un. Ọdún yẹn kan náà ni orúkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lára ìwé tí ewì náà wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "mo ti ka Ancient Mariner ti 1798" kò tíì kà á, àfi bó bá ti rí "Ancyent" àti "Ne".

Ìlú tí wọ́n ti tẹ ìwé náà kì í ṣe ìlú lásán sí àwa tí a wá láti etíkun Áfíríkà. Òwò ẹrú wà nídìí púpọ̀ nínú ọrọ̀ Bristol. Ọkọ̀ láti ibẹ̀ ló ń wá kó ènìyàn ní Bonny àti Calabar, tó ń gbé wọn sọdá òkun, kí Liverpool tó gba iwájú lọ́wọ́ wọn. Wọn kò sì tíì fòfin de òwò náà ní 1798. Ó di 1807 kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Coleridge mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tó wà ní yunifásítì Cambridge ní 1792, ewì tó kọ ní èdè Gíríìkì lòdì sí òwò ẹrú gba àmì ẹ̀yẹ wúrà. Ní oṣù Júùnù 1795 ó dúró ní Bristol níbẹ̀, láàárín àwọn tó ń jẹ nínú òwò náà, ó sì bá a wí. Àwọn onímọ̀ kan wá ń bi ara wọn bóyá ọkọ̀ tí òùngbẹ ń pa àwọn ènìyàn inú rẹ̀, tí òkú sùn lọ rẹrẹ lórí rẹ̀, tí ẹ̀ṣẹ̀ kan kò kúrò lọ́rùn ẹnì kan, jẹ́ ọkọ̀ inú àlá nìkan. Ewì náà kò dárúkọ ẹrú. Èmi kò lè kà á kí n má rántí ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí kò nílò ìtumọ̀. Robert Southey, akéwì ará Bristol tí òun àti Coleridge fẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kọ ewì kan nípa atukọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ẹrú. Ó kọ sí iwájú rẹ̀ pé ní oṣù Sẹ́tẹ́ńbà 1798, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan rí atukọ̀ kan nítòsí ìlú náà, tó ń kérora tó sì ń gbàdúrà nínú ahéré. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ kọ̀ láti jẹun, ọ̀gá ọkọ̀ ní kí atukọ̀ yìí so ó mọ́lẹ̀ kó nà án, obìnrin náà sì kú. Oṣù kan náà, ìlú kan náà tí Lyrical Ballads ti jáde lórí ẹ̀rọ. Ìwé tó ní ewì yẹn nínú jáde ní 1799. N kò rí i kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ rí bí wọ́n bá ń ka ohun tí 1798 mú wá, ó sì dùn mí.

Southey yìí kan náà ló kọ ọ̀kan nínú àríwísí àkọ́kọ́ lórí Lyrical Ballads, ní oṣù Ọ̀kìtóbà 1798. Ó mọ àwọn tó kọ ọ́, kò sọ. Ó ní ewì atukọ̀ jẹ́ ìgbìyànjú ará Họ́láńdì láti dé ibi gíga tí àwọn ará Jámánì dé. Ó bá The Idiot Boy, ewì Wordsworth kan nínú ìwé náà, wí pé kò yẹ fún làálàá tí wọ́n ṣe lórí rẹ̀. Ó yin díẹ̀ nínú àwọn yòókù, àmọ́ Tintern Abbey ló yìn jù lọ. Nítorí náà, kò sí ariwo ńlá kankan ní 1798, kò sì sí ẹni tó sọ pé ayé ti yí. Nígbà tí Cottle ta ẹ̀tọ́ àwọn ìwé rẹ̀ fún Longman, oníwèé kan ní Lọ́ńdọ̀n, òdo ni iye tí wọ́n dá lé ìwé yìí, ó sì gbà á padà, ó fún Wordsworth lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn nǹkan tí a ń kó fún 1798 bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ẹ̀dà kejì, tó jẹ́ ìdìpọ̀ méjì, ní ọ̀rọ̀ àkọ́sọ gígùn tí Wordsworth ti sọ pé ewì jẹ́ àkúnwọ́sílẹ̀ ìmọ̀lára tó lágbára, tí ènìyàn wá rántí nígbà tí ara balẹ̀. Ọdún 1800 ló wà lára ìwé náà, ṣùgbọ́n oṣù Jánúárì 1801 ló dé ọjà. Orúkọ Wordsworth nìkan ló wà níwájú rẹ̀. Ní 1802 ó tún fi ibi tó ti béèrè pé "kí ni akéwì?" kún ọ̀rọ̀ àkọ́sọ náà. Ẹni tó bá fi gbólóhùn inú ìwé 1800 ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi kọ ewì 1798 ń fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ṣàlàyé oyún.

Ewì òdòdó daffodil, èyí tí àwọn bàbá àti ìyá wa há sórí nílé ìwé nígbà ìjọba amúnisìn láìrí òdòdó náà rí? Ọjọ́ 15 oṣù Éépìrì 1802 ni Wordsworth àti Dorothy rí àwọn òdòdó náà létí adágún, Dorothy ló sì tún kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Wordsworth kọ ewì rẹ̀ ní 1804, ó jáde ní 1807. Kubla Khan ní tirẹ̀, Coleridge sọ pé 1797 ni òun kọ ọ́. Kò tẹ̀ ẹ́ títí di 1816. Christabel náà, 1816.

Orúkọ náà, Romantic, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òpìtàn lítíréṣọ̀ ló fi sọ wọ́n lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í sì í ṣe pé wọ́n já lu ayé láìsí ẹni tó ṣáájú. Charlotte Smith ti tẹ àwọn ewì ìbànújẹ́ onílà 14 rẹ̀ jáde ní 1784, Wordsworth sì kà wọ́n. Robert Burns, ọmọ àgbẹ̀ ní Skọ́tílándì, ti fi èdè ilé bàbá rẹ̀ kọ ewì ní 1786. William Blake ti gbẹ́ Songs of Innocence rẹ̀ sórí àwo bàbà ní 1789, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kun àwọn àwòrán rẹ̀ lọ́dà. Ewì nípa alágbe, opó àti ọmọ ogun tó padà sílé ti kún inú àwọn ìwé ìròyìn ọdún 1790 sókè. Ohun tó jẹ́ tuntun ni bí Wordsworth ṣe kọ̀ láti jẹ́ kí òǹkàwé káàánú lásán kó sì kọjá. Nínú We Are Seven, ọ̀mọ̀wé ló ṣìnà. Ọmọ tálákà ló mọ̀nà.

Mo fẹ́ fi Tintern Abbey kún un, torí òun ni ọjọ́ orí rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀ rárá. Lẹ́yìn tí wọ́n kúrò ní Alfoxden, Wordsworth àti Dorothy rìn lọ sí àfonífojì odò Wye. Ọjọ́ 13 oṣù Júláì 1798 ló wà nínú àkọlé ewì náà. Wordsworth ní òun ń kọ ọ́ lọ́kàn bí òun ti ń rìn, pé òun kò kọ ìlà kan sílẹ̀ títí òun fi wọ Bristol. Ìwé ti wà lórí ẹ̀rọ, wọ́n sáré fi í sí ìparí rẹ̀. Oyún àti ìbí rẹ̀ bọ́ sínú ọdún kan náà. Dorothy wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Òun ni ẹni tí akéwì yíjú sí ní ìparí, tó pè ní ọ̀rẹ́ ọ̀wọ́n.

Ní Jámánì, àwọn ọ̀rẹ́ pínyà. Coleridge lọ sí Ratzeburg, Wordsworth àti Dorothy lọ sí Goslar níbi tí gbígbé kò ti wọ́n. Òtútù ọdún yẹn mú débi pé wọn kò lè jáde lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Somerset. Kò sí ìwé púpọ̀ lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì mọ ẹnì kan. Nínú yàrá yẹn, ní òpin ọdún 1798, Wordsworth bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa odò tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé tí wọ́n bí i sí ní Cockermouth, ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé nítorí èyí ni omi náà fi ń kọrin sínú oorun òun nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́. Ó kọ ọ́ lápá méjì ní 1799, ó sọ ọ́ di apá 13 ní 1805, ó tún un ṣe títí ó fi di 14. Coleridge, tí ó kọ ọ́ sí, kú ní 1834. Wordsworth kò tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní ọjọ́ 23 oṣù Éépìrì 1850, ewì náà sì jáde ní oṣù Júláì ọdún yẹn. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kò ní orúkọ. Ewì tí mo kọ sí Coleridge ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Mary, opó Wordsworth, ló sọ ọ́ ní The Prelude.